Ta Ló Ń Mú Igbákejì Olùdíje Ààrẹ, Kí Sì Ni Wọ́n Ń Wò Lára Rẹ̀?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Láti 1999 ni mo ti ń dìbò, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ igbákejì ààrẹ kò tíì yé mi. Èrò mi ni pé ẹni tó bá ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé ló yẹ kí wọ́n fi ṣe igbákejì, àmọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní 2022, orúkọ ẹnìkan ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún Tinúbú, ẹlòmíràn ló padà jáde. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ ló ń yàn án, àwọn kan ní àwọn gómìnà ni, àwọn kan ní owó ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń mú igbákejì gan-an, kí ni wọ́n ń wò, ṣé ó sì yẹ kí èmi olùdìbò lásán máa da ara mi láàmú lé e lórí?”

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ohun tó ń dùn yín ni pé ìbò kan ṣoṣo tí ẹ dì ń gbé ènìyàn méjì wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan péré ni ẹ mọ bí ó ṣe dé orí ìwé ìdìbò. Ẹ kò ṣì í rò. Kò sí ẹni tó bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹnì kejì náà. Mo ti bá wọn jókòó lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ igbákejì wò, ẹ̀ẹ̀mejì fún olùdíje gómìnà, ẹ̀ẹ̀kan fún ti ààrẹ, kì í sì í ṣe inú ẹgbẹ́ kan náà. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo máa sọ, pẹ̀lú ohun tó wà nínú òfin àti nínú ìtàn wa. Yàrá mẹ́ta kọ́ ni gbogbo yàrá, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti pọ̀ jù. Abala 142 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé orúkọ olùdíje fún ipò ààrẹ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí olùdíje náà bá fa ẹlòmíràn kalẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀, ẹni tí wọn yóò jọ díje, tí yóò sì di igbákejì bí wọ́n bá wọlé. Ẹ wo ẹni tí òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: olùdíje ni. Kò dárúkọ alága ẹgbẹ́, kò dárúkọ gómìnà kankan. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi dìbò abẹ́lé fún igbákejì. Abala yẹn kan náà fi kún un pé gbogbo ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ la máa béèrè lọ́wọ́ igbákejì: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, kó kàwé dé ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kó sì ti pé ẹni ọdún 35 (40 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù ní 2018). Lójú òfin, ẹni tí kò bá tó ààrẹ ṣe kò tó igbákejì ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí òfin ń bi wá nìyẹn, òun náà sì ni ìbéèrè tí mo rí i pé wọ́n ń bi gbẹ̀yìn nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ olùdíje ló tilẹ̀ mú gègé, ọwọ́ púpọ̀ ló ń di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Kó tó di olùdíje, ó ti wá àwọn aṣojú tó dìbò abẹ́lé kiri, kò sì sí ẹni tó ń wá aṣojú lọ́wọ́ òfo. Gómìnà tó kó àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ rẹ̀ wá ń retí nǹkan. Ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ fún un lóru ọjọ́ ìdìbò ń retí nǹkan. Ẹ rántí ìpàdé ẹgbẹ́ SDP ní Jos ní 1993. M.K.O. Abíọ́lá, Babagana Kingibe àti Atiku Abubakar ni wọ́n léwájú nínú ìdìbò abẹ́lé náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ará ilé Shehu Musa Yar'Adua ń retí kí Abíọ́lá mú Atiku, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Yar'Adua, àmọ́ àwọn gómìnà SDP dúró gbọn-in lẹ́yìn Kingibe. Kingibe ni Abíọ́lá mú. Nígbà tó di 1999, Ọbásanjọ́ nílò ètò tí Yar'Adua ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ sílẹ̀ káàkiri Òkè Ọya, ló bá lọ mú Atiku, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò gómìnà Adamawa tí kò tíì búra. Igbákejì gómìnà rẹ̀, Boni Haruna, ló wá jókòó sí àga náà. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ ni àti ẹ̀yin tí ẹ ní gómìnà ni, ẹ kò purọ́. Àwọn ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn tó ń tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń buwọ́ lùwé.

Ní ti ẹni tó ṣe ipò kejì, ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2022 dáadáa. Nínú ìdìbò abẹ́lé APC, Tinúbú ní ìbò 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ní 235. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni kejì ṣe igbákejì, ọmọ ìpínlẹ̀ Rivers ni yóò bá ọmọ Èkó jáde, ẹni kẹta sì rèé, ọmọ Yorùbá bíi Tinúbú ni. Gúúsù àti Gúúsù! Ta ni yóò gbé e dé Kano? Ní ti PDP, Atiku ní 371, Nyesom Wike ní 237. Níbẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe lórí ìwé: ọ̀kan láti Òkè Ọya, ọ̀kan láti Gúúsù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ifeanyi Okowa tó jẹ́ gómìnà Delta nígbà náà ni Atiku mú. Kí ló dé? Ẹni tó bá ọ du àga títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ní àwọn ènìyàn tirẹ̀ tí wọ́n ṣì gbà pé wọ́n yan olúwa wọn jẹ ni. Ọba kì í pé méjì láàfin. Olùdíje tí mo mọ̀ dunjú sọ fún mi pé òun lè fi orí jin ọ̀tá níta, àmọ́ òun kò lè sun oorun pẹ̀lú ẹni tó ń ka ọjọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní òdodo nínú. Àmọ́ ó ní ohun tó ń ná ènìyàn pẹ̀lú: Wike àti gómìnà mẹ́rin míì, ti Ọ̀yọ́, Benue, Enugu àti Abia, kò bá Atiku polongo. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ alága ẹgbẹ́ ni àwọn ń jà fún, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ igbákejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Atiku kò rí ọ̀kan ṣoṣo mú nínú ìpínlẹ̀ márààrún wọn ní 2023. N kò ní dá gbogbo rẹ̀ lé igbákejì lórí o, nítorí Peter Obi ti kúrò nínú PDP ṣáájú, ó sì kó ilẹ̀ Ìgbò lọ.

Ohun tí mo sọ nípa Gúúsù àti Gúúsù yẹn, kì í ṣe ojúkòkòrò àwọn olóṣèlú nìkan ló fà á. Abala 134 ló fà á. Kéèyàn tó di ààrẹ, kò tó kó ní ìbò tó pọ̀ jù. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja, èyí tó jẹ́ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ìpínlẹ̀ 17 péré ló wà ní Gúúsù. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Awólọ́wọ̀ kọ́ ọ ní ọ̀nà tó le ní 1979. Philip Umeadi, ọmọ Ìgbò, ló mú láti bá a díje lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN; olóyè àti agbẹjọ́rò ni wọ́n, kò sí ẹni tó lè bẹnu àtẹ́ lu ọpọlọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ kankan ní Òkè Ọya. Shehu Shagari tó mú Alex Ekwueme ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Nígbà tó tún jáde ní 1983, ó mú Muhammadu Kura láti Òkè Ọya. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí olùdíje pàtàkì kan láti Gúúsù tó tún wá igbákejì sí Gúúsù.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni ẹ̀sìn, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń gbóná. Òfin kò sọ ohunkóhun lórí ẹ̀sìn igbákejì. Ṣùgbọ́n láti 1999 títí di 2019, gbogbo àwọn méjì tó ń jọ wọlé, Mùsùlùmí kan, Kristẹni kan ni. Ní 2014, Muhammadu Buhari ti fẹ́ mú Tinúbú. Tinúbú fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹfà 2022, lọ́jọ́ tó pariwo “èmi lókàn”, pé nígbà tí wọ́n ní Mùsùlùmí méjì kò ní bójú mu lòun fa Ọ̀ṣínbàjò kalẹ̀, ẹni tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ Èkó nígbà ìjọba òun, tó sì jẹ́ pásítọ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Tinúbú mú Kashim Shettima, Mùsùlùmí láti Borno. Àjọ àwọn Kristẹni fajú ro. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ bí ó ṣe rí, yálà ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀. Atiku, ọmọ Òkè Ọya tó jẹ́ Mùsùlùmí, wà nínú ìdíje. Bí Tinúbú bá mú Kristẹni láti Òkè Ọya, àwọn gómìnà APC níbẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn àwọn yóò sọ pé ẹni tiwa kúkú wà lọ́dọ̀ PDP. Bí ó bá mú Mùsùlùmí, yóò pàdánù àwọn Kristẹni tó ṣeé ṣe kó pàdánù bákan náà. Ó gba èyí kejì. Ó wọlé pẹ̀lú ìbò 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Àmọ́ ó san owó rẹ̀: Plateau àti Nasarawa bọ́ sọ́wọ́ Obi, Abuja pàápàá bọ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ìbò nìkan ló ná. Ó ná ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn kan tí wọ́n rò pé ìlú kò ka àwọn kún, ìyẹn kì í sì í tètè padà. Èmi ìbá má ti gbà á ní ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn ènìyàn rere tí wọ́n gbà á ní ìmọ̀ràn ọ̀hún, wọ́n sì ní ẹ̀rí pé ó ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan wà tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ tí n kò gbà: pé igbákejì máa ń gbé ìpínlẹ̀ rẹ̀ wá. Ẹ wo ìtàn. Ekwueme jẹ́ ọmọ Anambra, ẹgbẹ́ NPP ti Azikiwe ló mú Anambra ní 1979. Ní 2011, pásítọ̀ Túndé Bákàrè, ọmọ Ògùn, bá Buhari díje. Jonathan ló mú Ògùn. Lọ́dún yẹn kan náà, Namadi Sambo tó ti ṣe gómìnà Kaduna bá Jonathan díje; Buhari ló mú Kaduna. Ní 2023, Okowa ń jókòó lórí àga gómìnà Delta lọ́wọ́, Obi ló kó Delta lọ. Yusuf Datti Baba-Ahmed, igbákejì Obi, ọmọ Kaduna ni, Atiku ló mú Kaduna. Ẹ lè dá mi lóhùn pé Shettima mú Borno wá, pé Obi náà mú Anambra wá fún Atiku ní 2019. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Buhari ti ń mú Borno láìsí Shettima, Jonathan náà sì ti kó Anambra ní 2015. Ohun tí igbákejì máa ń ṣe dáadáa ni kó má jẹ́ kí ibi tó ti jẹ́ tiwọn jò. Ó ń fi àwọn gómìnà lọ́kàn balẹ̀, ó ń mú àwọn olówó kan wọlé, ó sì ń sọ irú ẹni tí olùdíje jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀ṣínbàjò kò gbé ìpínlẹ̀ kankan lọ́wọ́ ara rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ pé Buhari fẹ́ sọ Nàìjíríà di ti ẹ̀sìn kan, pásítọ̀ ìjọ ńlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá wọn lóhùn láìsọ̀rọ̀.

Ẹ béèrè nípa orúkọ méjì ti 2022. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Tinúbú wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, INEC sì ti ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yẹn ni òun máa ti ilẹ̀kùn. Abala 142 kò gbà kí olùdíje dá wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tó fún un láti pẹ̀tù sí gbogbo Òkè Ọya nínú, ló bá fi orúkọ Kabir Masari dí àyè mú. Obi ṣe bákan náà pẹ̀lú Dọ̀yìn Òkúpè. Òfin Ìdìbò 2022 gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun ti jáwọ́, kí ẹgbẹ́ sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ títí di ọjọ́ tí INEC dá, èyí tó jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje. Datti jáde ní ọjọ́ kẹjọ, Shettima ní ọjọ́ kẹwàá. Wọ́n pẹjọ́ lé e lórí: ẹgbẹ́ APM ní bí Masari ṣe jáde, orúkọ Tinúbú náà ti bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú ìdìbò ààrẹ da ẹjọ́ náà nù ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án 2023. PDP náà ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé orúkọ Shettima wà fún sẹ́nétọ̀ àti igbákejì lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ da ìyẹn nù ní oṣù karùn-ún 2023. Nítorí náà, ó bófin mu. Kò tẹ́ mi lọ́rùn ṣá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí nǹkan bá ṣe olùdíje láàárín ìgbà yẹn ńkọ́?

Ní ti inú yàrá fúnra rẹ̀, orúkọ mẹ́rìnlá ló dé orí tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo wà níbi ti ààrẹ. Bíi márùn-ún nínú wọn jẹ́ àpọ́nlé lásán, àwọn tí wọ́n kàn fẹ́ kí ìròyìn kà wọ́n kún. A yọ wọ́n kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Ìwé ẹ̀rí ló tún pa mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, èèyàn tí gbogbo wa fẹ́ràn, ti búra ọjọ́ ìbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé méjì, a sì mọ̀ pé àwọn alátakò yóò rí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹjọ́ tó wà nílé ẹjọ́, gbèsè báńkì, ohun tó ti sọ lórí rédíò lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, àti ta ni inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ ní àdúgbò rẹ̀ tí a bá mú un. Ìlera ni ibi tí a ti kùnà. A béèrè lẹ́nu, wọ́n dáhùn lẹ́nu, kò sẹ́ni tó mú ìwé dókítà wá, kò sì sẹ́ni tó fi agbára béèrè, nítorí olùdíje fúnra rẹ̀ kò mú tirẹ̀ wá. A dín orúkọ kù sí mẹ́ta. Olùdíje bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹun alẹ́. Lóru tó ku ọ̀la kí ilẹ̀kùn tì, ìpè kan wọlé, ó bọ́ síta, ó pẹ́. Orúkọ tó mú wọlé padà kò sí nínú mẹ́ta, kò tilẹ̀ sí nínú mẹ́rìnlá. Inú bí mi débi pé mo kó ìwé mi. Ó tó oṣù méjì kí n tó gbọ́ pé gómìnà méjì ló ti sọ fún un pé àwọn kò ní ná kọ́bọ̀ sórí ẹlòmíràn. Lórí ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ, bí mo ṣe rí i nìyẹn: kò sẹ́ni tó gbé àpò owó wá ra ipò lójú mi. Ẹni tó ń gbówó ìpolongo sílẹ̀ ló ń sọ ẹni tí kò ní gbówó sílẹ̀ fún, kò sì nílò kó sọ ju ìyẹn lọ.

Ìdí kan ṣì kù tí olùdíje fi ń bẹ̀rù alágbára, òun ni pé bó bá ti mú un, kò lè lé e. Mínísítà ni ààrẹ lè lé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Igbákejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2006, ìjọba Ọbásanjọ́ kéde pé àga Atiku ti ṣófo nítorí pé ó ti kọjá sínú ẹgbẹ́ AC. Atiku gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹrin 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ààrẹ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn aṣòfin nìkan ló lè yọ igbákejì, lọ́nà tí abala 143 là sílẹ̀. Gbogbo olùdíje tó dé lẹ́yìn náà ló kà á dáadáa. Ẹ ó rí i pé láti ìgbà náà, ẹni pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹni tí kò ní gómìnà lẹ́yìn tirẹ̀, tàbí ẹni tí gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá sì ti wọlé, iṣẹ́ tí ìwé òfin kọ sílẹ̀ fún un kò pọ̀: alága ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀, àti jíjókòó nínú ìgbìmọ̀ ètò ààbò. Ìyókù, ohun tó bá wu ààrẹ ló ń fún un ṣe.

Títí di ọjọ́ tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2006, Goodluck Jonathan jẹ́ gómìnà Bayelsa, ẹni jẹ́jẹ́, láti ilẹ̀ epo tó ń gbóná nígbà náà. Wọ́n fi í ti Umaru Yar'Adua, àbúrò Shehu tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí ọkàn àwọn ará Niger Delta lè balẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2009, Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia láìkọ lẹ́tà fún àwọn aṣòfin. Oṣù méjì ààbọ̀ ni ìlú fi wà láìmọ ẹni tó ń ṣe é, títí àwọn aṣòfin fi sọ Jonathan di adelé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì 2010. Yar'Adua kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, Jonathan búra lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ní 2017, Ọ̀ṣínbàjò di ìjọba mú fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tí Buhari wà lórí ibùsùn àìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹjọ 2018, nígbà tó tún ń ṣe adelé, ó lé ọ̀gá àgbà àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀hún dí ilé aṣòfin. N kò rántí pé ẹnì kankan nínú yàrá mẹ́ta tí mo jókòó sí béèrè pé, “Bó bá jẹ́ lọ́la ni ńkọ́?” àfi ìyàwó olùdíje kan, tó gbé omi wọlé fún wa tó sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bí ara ọkọ mi kò bá yá, ṣé ẹni yìí lè di ilé mú?” Gbogbo wa wo ilẹ̀.

Ṣé ọ̀nà míì wà? Àwọn kan fẹ́ kí òfin sọ ẹni kejì nínú ìdìbò abẹ́lé di igbákejì. Èyí tí mo ti sọ nípa abala 134 ló jẹ́ kí n má fara mọ́ ọn. Àwọn kan fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ dìbò lé orúkọ tí olùdíje bá mú wá. Ó dára létí, ṣùgbọ́n àwọn aṣojú yìí kan náà ni, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò. Èyí tó wù mí jù wà nínú ìwé òfin tẹ́lẹ̀, kò kàn yí ojú sí ibi tó yẹ ni. Abala 146 sọ pé bí àga igbákejì bá ṣófo láàárín sáà, orúkọ tí ààrẹ bá fà kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí ilé aṣòfin méjèèjì. Bí Namadi Sambo ṣe di igbákejì ní 2010 nìyẹn. Ẹni tó bá rọ́pò igbákejì ń kọjá níwájú aṣòfin, ẹni tí a dìbò yàn kò kọjá níwájú ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ gbà kí àwọn igbákejì jókòó níwájú kámẹ́rà, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè bí ẹni tó ń wá iṣẹ́ ààrẹ. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ PRP ti mú Bọ́lá Ogunbọ̀ ní 1983; Ghana ti fi Jane Naana Opoku-Agyemang jẹ igbákejì ààrẹ ní 2025. Nínú orúkọ mẹ́rìnlá tiwa, obìnrin kan ló wà, òun sì ni ẹni kejì tí a yọ.

Ẹ ní ṣé kí ẹ da ara yín láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí orúkọ bá jáde, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti wá. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ètò ìnáwó ńlá ti wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti ohun tó ṣẹ́kù nígbà tó kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìgbà kan wà tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé “rárá” ní gbangba. Ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín ìdìbò abẹ́lé àti ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ náà. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò 2022 tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, INEC ní láti lẹ ìwé tí olùdíje àti igbákejì rẹ̀ kọ nípa ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní EC9, síta láàárín ọjọ́ méje tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ ìbí, ilé ìwé àti ìwé ẹ̀rí wọn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó bá a du ìdìbò abẹ́lé nìkan ni òfin náà fi ẹjọ́ sí, àmọ́ ojú kò gba ìwé àṣẹ kó tó kàwé. Nígbà tí mo lọ wo ti ẹgbẹ́ wa ní ọ́fíìsì INEC, èmi àti akọ̀ròyìn kan péré la dúró níwájú pátákó náà.